Ẹ má wá eyín erin: bí ẹ ṣe lè yan èkù tó jọ ọ́

Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwa tí à ń ṣe èkù l'Adó-Èkìtì tó "Ṣé eyín erin gidi ni?" Tí mo bá ti dáhùn pé rárá o, àwọn mìíràn á fajú ro, bí ẹni pé mo fẹ́ ta ayédèrú fún wọn. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí": bó bá jẹ́ erin, a ó sọ pé erin ni, bó bá sì jẹ́ egungun màlúù tàbí rẹ́sìnì, ìyẹn omi kẹ́míkà tó máa ń dì le bí ike, a ó sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń kú tán lọ. Nígbà tó di 1989, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó ń kú tán lọ, fẹnu kò láti fòfin de òwò eyín erin láàárín ara wọn. Mi ò rí èkù tó níyì débi tí a ó fi torí rẹ̀ pa erin kan sí i. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ò lè níyì láìsí eyín erin, kó rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére: igi ló fi gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù dòní.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ bi ara yín pé kí ni ọwọ́ máa fi èkù náà ṣe. Ìrùkẹ̀rẹ̀ olóyè kì í gbá nǹkan, kì í sì í wọnú omi. Egungun bá a mu. Ọ̀bẹ ìdáná ń rí omi, epo àti ata lójoojúmọ́. Ìbọn ìléwọ́ ní tirẹ̀ ń ta padà sí àtẹ́lẹwọ́, àágùn àti epo ìbọn ò sì jẹ́ kí èkù rẹ̀ sinmi. Rẹ́sìnì ni mo máa ń ní kí wọ́n lò fún àwọn méjì yìí.

Egungun ni èmi fẹ́ràn jù. Ibi tó wà láàárín orúnkún àti pátákò màlúù ló dára, torí ibẹ̀ ló nípọn tó sì tọ́. Ẹ bẹ alápatà ní odò ẹran kó má fi àáké fọ́ ọ. Ibi tí àáké bá ti sán an kò ní hàn sí yín àfi ìgbà tí ẹ bá fá a tán. Ẹ gé orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ ti mùdùnmúdùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá fi ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sè é lórí iná jẹ́jẹ́. Bó bá ń hó yaya, ṣe ni ọ̀rá á wọnú egungun lọ, tó bá yá, á máa yọ jáde ní àbàwọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí ọ̀rá kò fi ní léfòó mọ́. Hydrogen peroxide tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì ló ń sọ ọ́ di funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán jíìkì wò: ó yá lóòótọ́, àmọ́ á jẹ egungun náà débi tí yóò fi máa yí ẹfun sí yín lọ́wọ́. Ìbòji ni kí ẹ sá a sí. Tí ẹ bá ń fi ayùn gé e tàbí tí ẹ ń fi sáńpépà fá a, ẹ wọ ìbòmú, kí ẹ sì máa ta omi sí i, torí eruku egungun kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Tíì tó le, tí kò ní mílíìkì, la fi ń pa á láwọ̀ kó lè dà bí ohun tó ti gbó.

Rẹ́sìnì kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Omi méjì là ń pò pọ̀. Ìwọ̀n tó wà lára ike ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tí omi tó ń mú un le bá pọ̀ jù, á gbóná, á sì sán. Àwọ̀ ló ń fojú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ hàn. Eyín erin kì í funfun báláú, ẹ̀kọ tútù ló jọ, nítorí náà ẹ kán yẹ́lò díẹ̀ sí ọ̀dà funfun yín. Ẹ da ìpele tín-ín-rín kan, ẹ dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí ẹ tó da èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ lé e. Tí ẹ bá wá fá a, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ á hàn ní gígùn rẹ̀.

Fíìmù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè èkù ìbọn ìléwọ́ ti rí i, tàbí kí wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀gágun Amẹ́ríkà George Patton, tí ìbọn ìléwọ́ Colt tó rà ní 1916 ní èkù eyín erin. Ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ nìkan ni mò ń dá lóhùn. Mi ò sì gba ìbọn wọ ṣọ́ọ̀bù. Kó tú èkù àtijọ́ wá, màá fi wọn tuntun. Ihò sikúrù ni èkù ìbọn ti ń là: wọ́n lè ti fá ibẹ̀ tín-ín-rín jù, tàbí kí wọ́n ti dì í le jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kan irin gbọ́dọ̀ jókòó déédéé. Bí àyè kékeré bá wà níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún ni irin yóò máa gbá a.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà lọ́jà, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Eyín erin ní àwọn ìlà tó tẹ̀, tí wọ́n ń dábùú ara wọn. Ti egungun jẹ́ ihò wínníwínní tó dúdú; rẹ́sìnì kò ní ọ̀kankan. Àwọn kan á ní kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkù àtijọ́, torí ó lè jẹ́ selulóìdì, irú ike àtijọ́ kan, èyí tí John Wesley Hyatt ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1870 láti fi rọ́pò eyín erin nínú bọ́ọ̀lù bílíádì. Selulóìdì máa ń gbiná wàrà.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi àkísà tí ẹ kán epo díẹ̀ sí nu èkù egungun, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn.