Bí Òṣùwọ̀n Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọmọdé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Ní Èdè Mandarin

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1920, ní agogo méjì òru kọjá ìṣẹ́jú 9, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ilé Chen Heqin ní ìlú Nanjing ní Ṣáínà. Bàbá ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíá ni ọmọ náà figbe ta, kò sì dákẹ́ títí agogo méjì fi kọjá ìṣẹ́jú 19. Fún ọjọ́ 808 ni Chen fi ń kọ ohun gbogbo tí ọmọ yìí ń ṣe, tó sì ń ya fọ́tò rẹ̀: bó ṣe ń wo nǹkan, bó ṣe ń rá, ìró tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Chen ti kàwé ní Johns Hopkins àti ní Columbia ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé ní 1919 láti máa kọ́ni ní Nanjing. Ní 1925 ló tẹ ìwádìí náà jáde. Ibẹ̀ la lè mú gẹ́gẹ́ bí orísun wíwọn ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé ní Mandarin, èdè tí wọ́n ń sọ jù ní Ṣáínà, nítorí níbẹ̀ ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ jókòó ti ọmọ Ṣáínà kan lójoojúmọ́, tó ń fi déètì sí ohun tó gbọ́.

Irú àkọsílẹ̀ yẹn níye lórí, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ oṣù 20 wá sí ọsibítù, tó ní kò tíì sọ ju "māma" lọ, dókítà kò lè fi ọmọ Chen díwọ̀n rẹ̀. Ọmọ kan a tètè fọhùn, òmíràn a pẹ́, kí ara àwọn méjèèjì sì le koko. Ohun tí dókítà nílò ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bi ìbéèrè kan náà nípa wọn, láti oṣù dé oṣù. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ìwé Chen kí irú rẹ̀ tó délẹ̀ ní Beijing.

Láàrin àkókò yẹn, àwọn onímọ̀ èdè ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ní 1951, Yuen Ren Chao tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù 28. Kò ka ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí èdè àgbà tó bàjẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí èdè tó ní ìlànà tirẹ̀. Ní 1977, Charles Li àti Sandra Thompson kọ nípa ọmọ 17 ní Taipei, ní Táíwàn, láti ọmọ ọdún kan ààbọ̀ dé ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n rí i pé ohùn ọ̀rọ̀ máa ń dúró lẹ́nu ọmọ ṣáájú kọ́ńsónáǹtì. Nínú ohùn mẹ́rin tí Mandarin ní, èyí tó ga tó sì dúró àti èyí tó ń já wálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé. Èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń rì kó tó gòkè ni ọmọ máa ń pààrọ̀ fún ara wọn pẹ́ títí. Ní ọdún 2000, Zhu Hua àti Barbara Dodd gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ 129 ní Beijing, ètò kan náà ni wọ́n sì bá: ohùn ló ṣáájú, kọ́ńsónáǹtì ìbẹ̀rẹ̀ sílébù ló kẹ́yìn.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Mā ni ìyá, mǎ ni ẹṣin. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ tó bá ń pe sh bí s kò ṣe ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n bí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń dàrú káàkiri, ó yẹ kí a yẹ etí rẹ̀ wò kíá.

Irinṣẹ́ tí àwọn dókítà wá gbà lọ́wọ́, Amẹ́ríkà ló ti wá. Elizabeth Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá lẹ́nu wò láti àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé ìyá mọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà bi í ló ń ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Bí a bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ yín ń sọ?", á dárúkọ mẹ́fà tàbí méje, ìyókù á sá pamọ́ fún un. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, bàtà ńkọ́, omi ńkọ́, ológbò ńkọ́, kò ní í ronú púpọ̀ kó tó dáhùn. Òfin mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe fọ́ọ̀mù wọn: ohun tí ọmọ ń ṣe lásìkò yìí nìkan ni kí a béèrè, kì í ṣe ti oṣù tó kọjá, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ ni kí a béèrè, kì í ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára jù, kí a sì gbé àtòjọ síwájú òbí kó máa mú, dípò kó máa rántí. Larry Fenson ló ṣáájú àwọn tó parí iṣẹ́ náà, àjọ MacArthur ló fowó tì í, ìdí nìyẹn tí orúkọ àjọ náà fi wà lára orúkọ fọ́ọ̀mù náà. Ó jáde ní 1993. Fọ́ọ̀mù ọmọ ọwọ́, oṣù 8 sí 16, ní ọ̀rọ̀ 396. Ti ọmọ tó ti ń rìn, oṣù 16 sí 30, ní 680. Ọmọ 1,803 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọn kò kàn túmọ̀ rẹ̀ sí Mandarin? Ibi tí ìtàn yìí ti dùn jù nìyí. Ní 1982, Dedre Gentner sọ pé níbi gbogbo láyé, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nǹkan tó ṣeé fojú rí, tó ṣeé dì mú, rọrùn láti so mọ́ orúkọ ju ìṣe lọ. Ní 1996, Twila Tardif tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ 10 ní Beijing, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí oṣù 22. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nínú ilé tiwọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹnu wọn kò kéré sí ọ̀rọ̀-orúkọ rárá. Ó tún ń pọ̀ jù ú.

Èdè náà fúnra rẹ̀ ló fà á. Ìyá kan ní Beijing gbé oúnjẹ wá, ó ní "Chī bu chī?", ìyẹn ni pé ṣé wàá jẹ àbí o ò ní jẹ. Ọmọ dáhùn: "Chī." Kò sí olùwà, kò sí àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ìdáhùn tó pé. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn kì í yí padà nítorí àná tàbí ọ̀la, nítorí náà ìró kan náà ni ọmọ ń gbọ́ nígbà gbogbo. Mandarin tún máa ń ya ìṣe sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi tiwa: bào ni kí a gbé ọmọ sáyà, bēi ni kí a pọ̀n ọ́n, chuān ni kí a wọ aṣọ, dài ni kí a dé fìlà. Bí a bá túmọ̀ fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fi ọ̀rọ̀ kan pe irú ìṣe méjì bẹ́ẹ̀, ní tààràtà, ọ̀rọ̀ méjì tí ọmọ mọ̀ á bọ́ sórí ìlà kan, ọ̀rọ̀-orúkọ á kún inú àtòjọ, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa á sì dà bí ẹni tó pẹ́.

Tardif, Susan Gelman àti Fan Xu tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní 1999. Wọ́n wo ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ọmọ Beijing pẹ̀lú ìyá wọn níbi ìwé àwòrán, níbi ohun ìṣeré lásán, àti níbi ohun ìṣeré tó ń yí tó ń gbéra. Ìwé àwòrán ń fa ọ̀rọ̀-orúkọ jáde lẹ́nu gbogbo wọn, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Beijing. Ohun ìṣeré tó ń gbéra ń fa ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún ẹni tó ń dán ọmọ wò: ẹni tó gbé ìwé àwòrán nìkan síwájú ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì gbọ́ ohun tí ọmọ náà lè sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yìn tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nílé ni wọ́n tó to fọ́ọ̀mù tuntun. Tardif, Paul Fletcher, àti àwọn dókítà ọmọdé bíi Liang Weilan àti Zhang Zhixiang ní Ọsibítù Kìíní ti Yunifásítì Peking ló ṣe é, ẹ̀dà kan fún Mandarin ní Beijing, òmíràn fún Cantonese, èdè Ṣáínà mìíràn, ní Hong Kong. Ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2008. Fọ́ọ̀mù ọmọ ọwọ́ ti Mandarin ní ọ̀rọ̀ 411, ti ọmọ tó ti ń rìn ní 799. Àwọn ìbéèrè lórí àfikún tí Gẹ̀ẹ́sì ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ kò wúlò níbẹ̀. Dípò wọn, wọ́n bi òbí nípa irú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a gbọ́dọ̀ fi sáàárín iye àti nǹkan, bí gè, zhī àti běn. Ọmọ 1,694 ní Beijing àti 1,625 ní Hong Kong, láti oṣù 8 sí 30, ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ni àbájáde nípa ọ̀rọ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ jáde: ọmọ 265 tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, 336 tó ń gbọ́ Mandarin, 369 tó ń gbọ́ Cantonese. Màmá àti bàbá ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn wọn, nǎinai àti yéye, ìyẹn ìyá bàbá àti bàbá bàbá, wà láàrin àwọn tó tètè jáde lẹ́nu ọmọ Beijing, pẹ̀lú wéi tí wọ́n fi ń gbé fóònù, àti dǎ, kí a lu nǹkan. Orúkọ ìbátan ni ilé fi ń kọ́ ọmọ ní ìkíni níbẹ̀, ó sì hàn nínú iye.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹni tó ń bá ọmọ gbé lọ́sàn-án ni ká bi, bó bá jẹ́ ìyá àgbà ni, kó jẹ́ òun. Bí kíkà bá ṣòro fún un, olùbéèrè á kà á sí i létí láìyára. Fún ọmọ ọwọ́, ìdáhùn méjì ló wà: ó gbọ́ ọ, tàbí ó gbọ́ ọ ó sì ń sọ ọ́. Fún ọmọ tó ti ń rìn, ká kàn mọ̀ bóyá ó ń sọ ọ́. Ìpè ọmọdé kò ba nǹkan jẹ́: bó bá ń pe gǒugou ní "dǒudou", tó sì jẹ́ ajá ló ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ó gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń sọ kìkì nígbà tí àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kò wọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bí ọmọ ṣáájú oṣù rẹ̀, ká yọ ọ̀sẹ̀ tó dín náà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ka àpapọ̀, a sì fi wé ọmọ oṣù kan náà. Bí a bá to ọmọ 100 láti orí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù, tí tiwa sì bọ́ sáàárín 10 ìsàlẹ̀, ó yẹ ká wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú sí i.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni apá "ó gbọ́ ọ". Ìyá á ní ọmọ òun gbọ́ "gbé bàtà wá", kó má fura pé òun ti na ìka sí bàtà náà. Ká ní kó wí i láìnaka, láìwo ibẹ̀. Ibi kejì ni gbólóhùn. Fọ́ọ̀mù ń béèrè gbólóhùn mẹ́ta tó gùn jù tí ọmọ ti sọ, àmọ́ ìwé Ṣáínà kì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, olùṣirò méjì lè ka gbólóhùn kan náà sí iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àfi kí wọ́n jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí.

Òṣùwọ̀n Beijing kì í sì í ṣe ti gbogbo ọmọ Ṣáínà. Láti nǹkan bí oṣù 16 lọ, iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún ọmọ Beijing ga ju ti Hong Kong lọ. Ohun tó bá ìyàtọ̀ náà rìn ni bí ọmọ ṣe jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo nílé, bí ilé ṣe ń sọ èdè kan, àti ìwé tí olùtọ́jú kà. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Hong Kong ń lo ọ̀rọ̀ tó ń bá iye rìn nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣì kéré, nítorí àgbà Cantonese ń lò wọ́n púpọ̀ tó sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sọ Mandarin tí ìyá àgbà rẹ̀ sì ń sọ èdè Shanghai, ká ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè méjèèjì ká tó ní ó pẹ́. Òfin Ṣáínà tó ní kí ilé bí ọmọ kan ṣoṣo sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Àwọn ilé tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ilé òní.

Táíwàn kò dúró de Beijing. Liu Huei-Mei àti Tsao Feng-Ming ṣe ẹ̀dà tiwọn, tó jáde ní 2010, wọ́n sì fa ọjọ́ orí rẹ̀ dé oṣù 36. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Tǔdòu ní Beijing ni ọ̀dùnkún. Ní Táíwàn, ẹ̀pà ni. Ní Beijing tún ni Hao Meiling, Shu Hua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé àtòjọ mìíràn jáde ní 2008.

Ẹ̀rí òbí ni gbogbo èyí. Fún ìdánwò tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa ṣe, Xueman Lucy Liu, Jill de Villiers àti ẹgbẹ́ wọn ṣe DREAM, tí ọmọ ń dáhùn lójú kọ̀ǹpútà. Ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2017. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí kí ọmọ tó pé mẹ́jọ. Ṣáájú ọdún méjì ààbọ̀, fọ́ọ̀mù òbí ni dókítà ṣì ń kọ́kọ́ mú. Bí iye bá kéré, etí la ń yẹ̀ wò ṣáájú, lẹ́yìn náà bóyá ọmọ ń nàka, bóyá ó ń wojú. Ọmọ oṣù 24 tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó 50, tàbí tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ni kí wọ́n tún pè padà láìpẹ́, kí wọ́n sì bá olùtọ́jú rẹ̀ ka àtòjọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.