Ìlera, oúnjẹ àti àrùn ẹran ajàpọ̀jẹ ní Àgbádárìgì

Ẹran ajàpọ̀jẹ ni àwọn ẹran tó máa ń pọ koríko tí wọ́n ti gbé mì padà sẹ́nu kí wọ́n lè tún un rún. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù wà lára wọn. Ní agbo-ilé Àgbádárìgì àti àwọn ìletò rẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn kúkúrú tó jẹ́ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sábà máa ń sìn. Ìlú náà wà láàárín òkun, ọ̀sà àti àbàtà, agbègbè rẹ̀ sì bá Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà ní Sẹ̀mẹ̀. Omi àti ẹnubodè yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ewu tó ń dojú kọ ẹran níbẹ̀.

Ikùn àti oúnjẹ

Ikùn ẹran ajàpọ̀jẹ pín sí apá mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù ni ṣàkì, níbi tí àìmọye kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń sọ koríko di ohun tí ara lè lò. Apá kẹta, tí àwọn alápatà ń pè ní bíbélì, ń fa omi kúrò nínú oúnjẹ. Apá kẹrin ló ń ṣiṣẹ́ bí ikùn ènìyàn. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì ni a ń bọ́ ní tòótọ́, wọn kò sì fẹ́ ìyípadà òjijì. Àgbò Iléyá tó ti ń jẹ koríko gbígbẹ bọ̀ láti òkè Ọya, tí wọ́n wá da àgbàdo, búrẹ́dì tàbí gààrí síwájú rẹ̀ ní àjẹyó, lè kú kí ọjọ́ ọdún tó pé. Ásíìdì á pọ̀ jù nínú ṣàkì, àpọ̀jẹ á dáwọ́ dúró, ikùn á wú, ẹran á máa yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló yẹ kí a fi mú oúnjẹ tuntun mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀.

Yàtọ̀ sí koríko àti ewé, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèrí ògì àti èèpo ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ ẹran inú ilé. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró sáyánáìdì nínú, nítorí náà wọ́n máa ń sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àwọn olùwádìí ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù kí a tó sá a, wákàtí 6 sí 8 lè tó fún un láti gbẹ. Àgbọn náà pọ̀ ní Àgbádárìgì. Àgbọn gbígbẹ tí ẹ̀rọ ti fún òróró rẹ̀ jáde ní purotéènì tó nǹkan bí 20%. Èyí tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi omi fún kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì tètè ń bu. Èyí tó bá ti bu lè ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Ewúrẹ́ tó ń rìn kiri ìgboro tún máa ń gbé ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) mì. Ọ̀rá kì í dà, inú ṣàkì ló ń kó jọ sí títí tí oúnjẹ kò fi ní ráyè mọ́.

Kátà

Kátà ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà mọ PPR sí, àrùn tó ń ṣe ewúrẹ́ àti àgùntàn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìbátan èyí tó fa àrùn rinderpest lára màlúù, tí wọ́n kéde ní 2011 pé ó ti pòórá láyé. Ní Côte d'Ivoire ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe PPR, ní 1942. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi 4 sí 6 tí ẹran bá kó o, ara rẹ̀ á gbóná tó 41°C, ojú àti imú á máa ṣomi, omi imú náà á wá ki di ikun. Egbò á yọ lẹ́nu, ẹnu á máa rùn, ẹran kò ní lè jẹun mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru àti ikọ́ ló sábà ń tẹ̀ lé e. Nínú agbo tí kò ní àjẹsára rárá, ó lè pa tó 90%. Kì í ràn ènìyàn.

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Èyí tí dókítà ẹran bá fún un wà fún àwọn àrùn mìíràn tó bá gùn ún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni ààbò. Irúfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, Nigeria 75/1, wá láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975. NVRI, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa àrùn ẹran, ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, bí wọ́n bá fi yìnyín pa á mọ́ dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Àjọ FAO tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti WOAH tó ń rí sí ìlera ẹran, fẹ́ kí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2030.

Ọjà àti ẹnubodè ló sábà ń gbé kátà wọ agbo. Ẹran tuntun tó bá ti Sẹ̀mẹ̀ tàbí òkè Ọya dé yẹ kó wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìyàsọ́tọ̀ yìí kò náni ní nǹkan púpọ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn máa ń fò dá jù.

Aràn àti kòkòrò mìíràn

Lásìkò òjò, aràn Haemonchus contortus tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú apá kẹrin ikùn ló burú jù. Ọmọ rẹ̀ máa ń gun koríko tí ìrì wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí a jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹran tó jáde. Ẹran tó ní in lára kì í fi dandan yàgbẹ́ gbuuru. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ló ń funfun, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á sì wú. Etí àbàtà ni aràn ẹ̀dọ̀, Fasciola gigantica, ti ń rí ìgbín omi tó ń gbé e ká. Oògùn aràn Ivermectin tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í pa á.

Eṣinṣin tsetse tó ń gbé etí odò ń tan àrùn oorun ẹran. Ewúrẹ́ kúkúrú àti màlúù Muturu tí kò níké máa ń fara dà á ju màlúù oníké lọ. Eégbọn àti kúrúnà wọ́pọ̀ níbi tí ilé ẹran bá ti dọ̀tí tó sì tutù.

Ánítíráàsì, àrùn tó ń ran ènìyàn láti ara ẹran, ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn. Wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù keje ọdún 2023. Ẹran tó bá ṣàdédé kú, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde ní ẹnu, imú tàbí ìdí rẹ̀, kò gbọdọ̀ kan ọ̀bẹ: a kì í kun ún, a kì í tà á, a kì í sì í bó awọ rẹ̀. Dókítà ẹran ìjọba ni a máa ń pè kí wọ́n lè sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìnjìn, nítorí kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.