Kọ́ ọ kí o tó wó o: bí iṣẹ́ ìpele-ìpele ṣe ń pa àdúgbò mọ́

Bí ìjọba bá wó àdúgbò kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé tuntun lè dára títí, àmọ́ àwọn tó ni àdúgbò á ti fọ́n ká kó tó dìde. Ọmọ á ti yí ilé ìwé padà, ìyá arúgbó ò sì ní rí ẹni tó máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán-ilé kan fi ń pín iṣẹ́ sí ìpele. Wọ́n á kọ́ díẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ṣófo, wọ́n á kó àwọn ará òpópónà kan lọ síbẹ̀ pa pọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó wó ilé tí wọ́n jáde kúrò níbẹ̀. Orí ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n á kọ́ ti àwọn tó kàn sí.

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ní Byker, ní ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1969, àwọn ayàwòrán tí Ralph Erskine jẹ́ ọ̀gá fún kò lọ jókòó sí ọ̀nà jíjìn. Ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ ti àwọn olùṣètò ìsìnkú tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ wó gan-an, ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni ládùúgbò lè yà síbẹ̀ béèrè ìgbà tí yóò kan òun.

Ìdílé 46 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé fún, ní Janet Square. Wọ́n ti bá wọn jíròrò kí wọ́n tó yàwòrán. Nígbà tí wọ́n kó wọlé tán, ohun tó kù díẹ̀ káàtó fara hàn, wọ́n sì ń tún un ṣe nínú ìpele tó tẹ̀lé e. Èrè ńlá nìyẹn, torí ẹni tó bá kọ́ ilé 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà, àṣìṣe kan á di 2,000 mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìjọba ń gbèrò títì ńlá kan sí ìhà àríwá, ni wọ́n bá kọ́ ilé gígùn bí odi síbẹ̀: fèrèsé wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, kí ariwo àti atẹ́gùn tútù má wọlé, fáráńdà onígi níwájú, níbi tí oòrùn ń ràn sí. Wọ́n dá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí àtijọ́ sí, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń pàdé.

Ibi tí ètò náà ti mẹ́hẹ ni pé wíwó yá ju kíkọ́ lọ. Ọwọ́ ìjọba ìlú ni ìgbà tí wọ́n máa wó òpópónà kan wà, kì í ṣe ọwọ́ ayàwòrán. Bí ilé tuntun bá sì pẹ́, ẹni tó ti jáde kò lè máa dúró. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa dáwọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ju ìdajì àwọn ará Byker àtijọ́ lọ tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀ síbòmíràn.