Ehoro Kì í Ṣe Ọ̀bùn, Póò Tí Ẹ Fún Un Ló Kéré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn tó ń sin ehoro nínú ilé, ó sì ń bí mi nínú: "Ehoro ò ṣe é kọ́, ibi tó bá wù ú ló ń tọ̀ sí." Ẹni tó bá ti sin ehoro fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti rí i fúnra rẹ̀ pé igun kan náà ló máa ń padà sí láti tọ̀. Bí ẹ̀dá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Póò ni ìjà wà. Ike kékeré onígun mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń tà ní póò ehoro, tí wọ́n ń há sí igun kéèjì. Ẹ gbé ehoro tó ti dàgbà sínú rẹ̀ kí ẹ wò ó: ẹsẹ̀ iwájú á wọlé, ìdí á kù síta. Bí ìdí bá tiẹ̀ ráyè wọlé, ehoro máa ń sún un mọ́ igun, á gbé ìrù sókè kó tó tọ̀, etí ike yẹn ò sì ga tó. Ìtọ̀ á fò ó kọjá. Olówó rẹ̀ á dé, á bá ilẹ̀ ní tútù, á ní ehoro òun lágídí. Agídí wo? Inú póò ló rò pé òun wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé bí ehoro ṣe ń jẹ ló ń ṣu. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí ìfun rẹ̀ ò gbọdọ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Á jókòó sójú kan, á máa fa koríko jẹ níwájú, imí róbótó-róbótó á máa bọ́ lẹ́yìn. Nítorí náà, póò tó máa lò gbọ́dọ̀ gba gbogbo ara rẹ̀, kó lè yí po nínú rẹ̀, kí koríko sì wà níbi tí ẹnu rẹ̀ tó. Ehoro funfun tí wọ́n ń pe ẹ̀yà rẹ̀ ní New Zealand lè tó kílò 4 sí 5. Báàfù fífẹ̀ ló yẹ ẹ́, tàbí àpótí oníke tí a ń kó aṣọ sí. Ẹ gé iwájú rẹ̀ wálẹ̀ kó lè fò wọlé, kí ẹ fi sáńpépà ra ojú ibi tí ẹ gé kó má baà ha á lẹ́sẹ̀.

Koríko yìí gan-an ni wọn kì í fẹ́ gbà. Wọ́n á ní ẹ̀gbin ni kí ẹran máa jẹun níbi tó ń ṣu sí, wọ́n á gbé koríko lọ sí igun kejì, ehoro á tẹ̀ lé koríko lọ, á sì máa ṣu síbẹ̀. Ehoro tó ń fi ẹnu gba imí rírọ̀ ní ìdí ara rẹ̀ jẹ kó lè rí fítámì inú rẹ̀! Àwa la ń kórìíra rẹ̀, kì í ṣe òun.

Mi ò sọ pé póò ńlá á yanjú gbogbo rẹ̀ o. Akọ tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ́dàá lè máa fọ́n ìtọ̀ káàkiri láti fi sàmì sí ààyè rẹ̀. Ìtọ̀ ṣe é kó sójú kan. Ti imí ò fi bẹ́ẹ̀ dájú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da iyanrìn tí wọ́n ń tà fún póò ológbò, irú èyí tó ń dì bó bá tutù, sínú póò ehoro. Ehoro á tọ́ ọ wò, kò sì lè bì. Ó lè dí i nífun. Lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́míìlì náà ò dáa, eruku rẹ̀ pọ̀, imú sì ni ehoro fi ń mí. Ìwé ìròyìn tí ẹ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ lé, ti tó. Ohun funfun tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí póò, kálísíọ́ọ̀mù inú ìtọ̀ ni, fínígà á tú u.

Bí ehoro tó ti ń lo póò dáadáa bá ṣàdédé ń tọ̀ síta, tàbí tó ń tiraka kó tó lè tọ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà.