Ilé ẹja ni orúkọ Misora Hibari ti wá

Ọdún 1949, tí ilé-iṣẹ́ Columbia kọ́kọ́ gba ohùn Misora Hibari sí àwo, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn akọrin Japan yìí. Ó ti pẹ́ jù. Ìsọ̀ ẹja ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àdúgbò Isogo ní ìlú Yokohama ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1937. Kato Kazue ni wọ́n sọ ọ́. Ẹja ni Masukichi bàbá rẹ̀ ń tà, Uomasu ló sì pe ìsọ̀ rẹ̀: “uo” ni ẹja, “masu” sì ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí wọ́n mọ bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ di orúkọ nínú ilé yìí.

Ní 1943, wọ́n pe bàbá sí iṣẹ́ ológun ojú omi. Nígbà tí wọ́n ń dágbére fún un, Kazue ọmọ ọdún mẹ́fà dìde kọrin, ẹkún sì gba ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Kimie ìyá rẹ̀ ti mọ irú ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun. Ogun parí, wọ́n fi owó ara wọn dá ẹgbẹ́ olórin Aozora sílẹ̀, wọ́n ń ṣe pèpéle sínú ilé ìwẹ̀ gbogboogbò, ọmọ sì ń kọrin níbẹ̀. Kimie ló ní kí wọ́n máa pè é ní Misora.

Aozora ni ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. Misora ni ojú ọ̀run tó lẹ́wà. Inú ẹgbẹ́ ìdílé ni “sora” ti jáde wá. Àwọn kan ní Okada Keikichi, olùdarí eré, ló sọ ọ́ ní Hibari. Àwọn mìíràn ní Fukushima tó di máníjà rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fà á. Hibari ni ẹyẹ kékeré tó máa ń kọrin bó ṣe ń fò gòkè. Ìyá ti tẹ́ ojú ọ̀run sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹyẹ wá.

Ní 1946, ó lọ sí ìdíje Nodo Jiman ti rédíò NHK (“nodo” ni ọ̀fun, “jiman” ni ìyangàn). Ó kọ orin èso ápù tó gbòde nígbà náà. Agogo tí wọ́n fi ń sọ pé akọrin yege ò dún. Àwọn adájọ́ ní ó mọ orin kọ, àmọ́ kò jọ ọmọdé. Orin ọmọdé tí wọ́n mọ̀, ohùn òkè tín-ín-rín ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Orin àgbà ni Kazue fi etí kọ́, ó sì ń gbé e láti àyà wá, bí àgbà. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ ọ́ gan-an ni gbogbo ilẹ̀ náà padà fẹ́ràn.

Ní oṣù Kẹrin 1947, bọ́ọ̀sì tó gbé wọn lọ ṣeré ní ìpínlẹ̀ Kochi já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igi kan ló gbà á dúró. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ya, ó dákú. Bàbá ní kó jáwọ́ nínú orin; ó kọ̀.

Ní 1948 ó ń kọ orin boogie (orin ijó) ti Kasagi Shizuko, akọrin àgbà kan, ní Yokohama. Orin rẹ̀ “Kanashiki Kuchibue” tà tó 450,000 àwo ní 1949, nígbà tó pé ọmọ ọdún 12. Kimie ṣì ń bójú tó iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ìyá náà fi kú ní 1981.