Nígbà Tí Profile Bá Bàjẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Ibi Iṣẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan tí ó jẹ́ oníṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tí kò mọ̀ rí. Àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà náà kò sí mọ́, fáìlì owó oṣù tí ó fi sí Desktop ní ọjọ́ Ẹtì náà kò sí. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti kó gbogbo iṣẹ́ mi lọ o." Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ohunkóhun mọ́, ẹ má sì pa á. Mò ń bọ̀." Ẹnikẹ́ni kò kó nǹkan kan lọ. Profile rẹ̀ ni ó bàjẹ́.

Lórí Windows, user profile yàtọ̀ sí àkáùntì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ka méjèèjì sí ohun kan náà. Ẹ wo ilé tí ayálégbé pọ̀ sí: àkáùntì ni orúkọ ayálégbé àti kọ́kọ́rọ́ tí onílé fún un, profile ni yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ àti bí ó ṣe tò ó. Yàrá yìí wà lórí C, nínú fódà tí ń jẹ́ Users, níbi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà rí ti ní fódà tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Desktop, Documents àti Downloads wà, àti fáìlì kan tí Windows fi pamọ́, NTUSER.DAT, tí ó ń rántí àwòrán tí ẹ yàn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ń lò àti bí ẹ ṣe fẹ́ kí ohun gbogbo rí. Onílé náà sì ní ìwé tí ó ń kọ nǹkan sí: nínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí, lábẹ́ ìpín tí ń jẹ́ ProfileList, Windows fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn tí à ń pè ní SID, èyí tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21, ó sì kọ fódà tí ó jẹ́ ti nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Bí Windows kò bá lè ka NTUSER.DAT, tàbí tí àkọsílẹ̀ inú ProfileList bá dàrú, kò ní lè ṣí yàrá náà. Nígbà mìíràn yóò kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò ní wọlé, yóò sì kọ ọ́ pé "The User Profile Service failed the sign-in." Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò tẹ́ ẹní fún yín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: yóò gbé yín sínú profile onígbà díẹ̀, tí fódà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ TEMP. Èyí ni mo kà sí ewu jù, nítorí pé ó jọ ibi tí ènìyàn lè ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ bá fi pamọ́ sínú rẹ̀ ni Windows yóò pa rẹ́ bí ẹ bá ti jáde. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tí ó fi odidi ọjọ́ kan kọ ìròyìn síbẹ̀, tí kò bá gbólóhùn kan ṣoṣo ní ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ àtijọ́ tí ó ń sunkún lé lórí wà ní àlàáfíà. Èyí tí ó fọkàn balẹ̀ ṣe ni ó sọnù. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Kí ló ń fà á? Láàárín wa níbí, iná ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Láti ìgbà tí ẹ bá ti wọlé títí tí ẹ ó fi jáde ni Windows fi ń ṣí NTUSER.DAT sílẹ̀, tí ó sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó lè kọ apá kan kí ó má kọ ìyókù. Windows ní fáìlì lọ́ọ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó fi ń tún irú èyí ṣe, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ìgbà rí i ṣe. Dísìkì tí ó ti ń kú lọ tàbí tí ó kún dẹ́nu lè fa ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni antivirus tí ó di fáìlì náà mú ní àkókò tí Windows fẹ́ ṣí i. Nígbà mìíràn, ọwọ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ni ó ti wá: ní oṣù Kejì ọdún 2020, àtúnṣe Windows 10 kan, KB4532693, gbé àwọn kan sínú profile onígbà díẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé, bí òṣìṣẹ́ náà bá ti fi ohunkóhun pamọ́ ní òwúrọ̀ yẹn, n ó kọ́kọ́ dà á sórí flash. Lẹ́yìn náà n ó tún kọ̀ǹpútà tàn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bí ó bá jẹ́ pé nǹkan kan ló di fáìlì mú, ó lè ti tú u sílẹ̀. Bí kò bá yí padà, n ó fi àkáùntì alábòójútó wọlé, n ó wo inú Users bóyá fódà onítọ̀hún ṣì wà, n ó sì da gbogbo ẹrù rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí pẹ̀lú nọ́ńbà, yóò jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: nọ́ńbà 1511 túmọ̀ sí pé Windows kò rí profile náà, ó sì lo ti onígbà díẹ̀, 1508 túmọ̀ sí pé kò lè ka fáìlì registry rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tó lọ sí ProfileList, lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe ẹ̀dà registry. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀kan ní .bak nídìí. Èyí tí ó ní .bak ni ó sábà máa ń tọ́ka sí fódà tòótọ́. N ó yí orúkọ èyí tí kò ní .bak padà, n ó yọ .bak kúrò lára èkejì, n ó sọ State àti RefCount rẹ̀ di 0 bí wọ́n bá wà níbẹ̀, n ó sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nìyí o. Kí òṣìṣẹ́ má ṣe dá a ṣe.

Bí ó bá jẹ́ NTUSER.DAT fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́, yàrá tuntun ni ó kù. A ó yí orúkọ fódà àtijọ́ padà, a ó yọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ProfileList, onítọ̀hún yóò wọlé kí Windows ṣe òmíràn fún un, a ó sì kó àwọn fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ wọ ibẹ̀, láìkó NTUSER.DAT mọ́ ọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò pa àkáùntì rẹ́. Bí ẹ bá pa àkáùntì rẹ́ lórí sáfà ilé iṣẹ́, tí ẹ sì tún un dá pẹ̀lú orúkọ kan náà, SID tuntun ni yóò gbà, gbogbo fódà tí wọ́n fún ẹni náà láṣẹ láti ṣí kò sì ní mọ̀ ọ́n mọ́. Bákan náà, pásíwọ́ọ̀dù tí ó wà nínú bíráúsà kì í sábà bá ẹrù kọjá, nítorí pé inú profile àtijọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í pa fódà àtijọ́ rẹ́ títí oṣù kan yóò fi kọjá.

Ti ìyá yẹn jẹ́ ti .bak. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti padà sójú kọ̀ǹpútà, fáìlì owó oṣù sì wà níbi tí ó fi í sí. Nígbà tí mo wo abẹ́ tábìlì rẹ̀, mo rí UPS tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí kò lè gbé kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan. Ó wá rántí pé iná lọ ní ọjọ́ Ẹtì bí òun ṣe fẹ́ pa á.