Àmì ojú ọ̀nà méjì: kí ló dé tí wọ́n gba ọ̀kan, tí wọ́n kọ èkejì?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ya fọ́tò àmì ojú ọ̀nà méjì, irú èyí tó ń tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ sọ́nà, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Pokémon GO, géèmù orí fóònù tí èèyàn ń rìn kiri gbá, kí wọ́n lè di ibùdó nínú géèmù náà. Wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n kọ èkejì. Bẹ́ẹ̀, méjèèjì kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí òpó igi ni wọ́n sì kàn wọ́n mọ́. Ohun tó bi mí àti èsì tí mo fún un nìyí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni géèmù fẹ́ fi òpó igi ṣe ná?

Géèmù yìí kì í ṣe ti ìjókòó. Láti ìgbà tí Ingress, géèmù irú rẹ̀ tó ṣáájú, ti dé ní 2012, tí Pokémon GO sì tẹ̀lé e ní oṣù keje ọdún 2016, ibi gidi tí ẹsẹ̀ lè dé ni wọ́n fi ń ṣe ibùdó: ère, ilé ìkàwé, àwòrán ara ògiri. Púpọ̀ nínú wọn, àwa tá à ń gbá géèmù náà la dábàá wọn. Láti 2019, Wayfarer, ètò tí wọ́n fi ń yẹ àbá wò, ni àbá wa ń gbà kọjá, àwọn tó ń gbá géèmù bíi tiwa sì wà lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á wò ó bóyá ibẹ̀ yẹ ní ṣíṣàwárí, bóyá ó ń mú èèyàn ṣeré ìdárayá, tàbí bóyá èèyàn lè bá ẹlòmíì pàdé níbẹ̀. Àmì ojú ọ̀nà ń mú èèyàn rìn. Ohun tó fi ń wọlé nìyẹn.

Kí wá ló dé tí wọ́n kọ ọ̀kan?

Orúkọ ni. Wo èyí tí wọ́n gbà: "Capital Ring" ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán Big Ben. Ọ̀nà ìrìn tó yí Lọ́ńdọ̀nù po ni, máìlì 78, wọ́n pín in sí ìpele 15, Woolwich tó wà nítòsí yín ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ, ọfà yẹ́lò lásán ni, pẹ̀lú "Public Footpath". Ní England, ohun tí ọfà yẹ́lò ń sọ kò ju pé òfin fàyè gba ẹlẹ́sẹ̀ láti kọjá; tó bá jẹ́ búlúù, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ náà lè gba ibẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Kò lórúkọ, kò sọ ibi tó ń lọ, kò sì yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mìíràn.

Báwo ni kí n ṣe ya fọ́tò náà?

Méjì ni. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé máa rí nínú géèmù: jẹ́ kí àmì náà kún ojú fọ́tò, kí orúkọ ọ̀nà ṣeé kà kedere. Èkejì ni ẹ̀rí: fà sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kí òpó, ọ̀nà àti igi tó yí i ká jọ hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ya àmì yẹn níwájú lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ní mọ̀ bóyá inú igbó ló wà tàbí inú ọgbà ẹnì kan.

Lọ́jọ́ tí mo ya àmì kan tó wà nínú igbó Oxleas Wood, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára ògiri tútù ti bo ìdajì lẹ́tà náà. Mo rọra fi áńkáṣíìfù nù ún, n kò fi nǹkan ha á. Oòrùn dojú kọ mí, àmì náà sì dúdú bí èédú nínú fọ́tò, ni mo bá dúró títí àwọsánmà fi bo oòrùn kí n tó tún un yà. Ọkùnrin kan ń fa ajá rẹ̀ bọ̀, mo jẹ́ kó kọjá, torí ojú èèyàn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ọkọ̀. Àwọn igi ibẹ̀ ga, wọ́n sì forí korí, fóònù mi wá ń fi mí hàn níbi tó jìnnà sí ibi tí mo dúró. Ọwọ́ ni mo fi fa àmì orí máàpù wá sídìí òpó gan-an.

Ṣé mo lè mú fọ́tò láti orí Google?

Rárá o. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ yà nìkan.

Àmì Capital Ring mìíràn tó wà níwájú ńkọ́?

Fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fi ibi tó wà kún orúkọ rẹ̀, bíi "Capital Ring: Woolwich Common". Nínú àlàyé, sọ ohun tí ẹni tó bá tẹ̀lé ọfà náà máa bá pàdé. Ilé gogoro Severndroog Castle tí wọ́n kọ́ ní 1784 wà ní ìpele àkọ́kọ́ yẹn, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń gbé ní Woolwich kò tíì débẹ̀ rí. Wọ́n lè gba àmì kan kó má sì hàn nínú Pokémon GO, bí ibùdó mìíràn bá ti sún mọ́ ọn jù. Fọ́tò rẹ kọ́ ló fà á.

Ṣé kí n gbàgbé èyí tí wọ́n kọ?

Padà sídìí òpó náà. Àmì méjì mẹ́ta lè wà lára òpó kan, Green Chain Walk, ọ̀nà ìrìn mìíràn tó lórúkọ, náà sì gba àdúgbò yín kọjá. Yí òpó náà ká, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀.